Òdòdó Inú Èédú

Ìkòkò òdòdó ọ́kíìdì mẹ́rin ni ìyàwó mi fi sílẹ̀ lórí balikóní wa ní Onígbòǹgbò. Dẹndiróbíọ̀mù ni wọ́n ń pe irú tirẹ̀: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrèké kékeré, òdòdó aláwọ̀ àlùkò lórí. Èédú àti èèpo àgbọn tó ń ṣà ní Òpébí ló gbìn wọ́n sí. Kò sí erùpẹ̀ kankan níbẹ̀. Èmi ọmọ àgbẹ̀ Èkìtì a máa fi í rẹ́rìn-ín.

"Ta ní ń gbin nǹkan sínú èédú?"

"Ọmọ àgbẹ̀, ẹ lọ gbin iṣu yín," ni yóò wí.

Nígbà tó kú, mo sọ fún ara mi pé ìkankan nínú wọn kò gbọdọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bomi rin wọ́n láàárọ̀, mo tún bomi rin wọ́n nírọ̀lẹ́. Ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ní ebi ni. Mo da èédú nù, mo kó wọn sínú ilẹ̀ dúdú tí mo fi ìgbẹ́ adìẹ pò, bí ẹni ń tọ́jú ẹ̀fọ́. Kí ọyẹ́ tó wọlé, mẹ́ta ti jẹrà. Ìkẹrin ku ọ̀pá lásán, kò léwé kan.

Alágbàfọ̀ wa ló ká mi mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ṣì ń lò. Àlájì ni mo máa ń pè é, bí kò tilẹ̀ tíì dé Mẹ́kà. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi kalẹ̀.

"Bàbá, èédú tí Màmá ń gbà lọ́wọ́ mi dà?"

"Mo ti dà á nù."

"Háà! Ẹ̀yin tí ẹ kàwé tó báyìí! Ẹ tún wá ń rì í sómi. Màmá ní tí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn kì í fún un lómi mọ́. Wọ́n ní ó ń sinmi ni."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

"Ṣé ẹ bi wọ́n ni? Ẹ̀rín lẹ máa ń rín."

Mo gbé ife náà kalẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kó èédú tuntun wá. A fọ gbòǹgbò, a gé èyí tó jẹrà, a gbìn ín bí ìyàwó mi ti ń gbìn ín. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le jù bẹ̀rẹ̀: kí n má ṣe nǹkan kan. Ọyẹ́ mú, ètè mi là, ọ̀pá náà ń hunjọ, ọwọ́ mi ń wá ife kiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé omi dé ẹnu ọ̀nà balikóní, mo dúró, mo bá mu ún fúnra mi.

Kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kókó kéékèèké yọ lára ọ̀pá òfìfo yẹn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ó tanná, òdòdó mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà wọ́n.

"Èédú mi rèé!" Àlájì ti pariwo láti ìsàlẹ̀, kò tíì gun àtẹ̀gùn rárá.

N kò bá a jiyàn. Mo ní kó mú díẹ̀ sí i wá: lára ọ̀pá tó gbó jù, ọmọ kékeré kan ti yọ, ó ti ní gbòǹgbò tirẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò dúró sí.