Àwòrán Kẹ́hìndé Tí Wọ́n Fi Irun Orí Mi Yà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Woolwich, nílùú òyìnbó, irun orí mi kì í ṣe tèmi nìkan. Láti ìgbà tí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lára igi títí di òpin ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi abẹ kan orí mi. Ìyá mi a dá irun náà sí, a máa fi òróró pa á, a máa dì í, a sì máa fi gèlè wé e, bí a ti ń ṣe fún ọmọbìnrin. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ì tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ni mí, mo sì mọ̀ nígbà náà pé ọkùnrin ni mí. Ohun tí ó fà á ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ nínú mi.

Ìbejì ni wá. Èmi ni Táyé, arábìnrin mi ni Kẹ́hìndé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí wa, Woolwich ni wọ́n sì bí wa sí. Mùsùlùmí ni wá, a kì í ṣe Kérésìmesì, ṣùgbọ́n ìgbà náà nìkan ni ibi iṣẹ́ bàbá mi máa ń ti ìlẹ̀kùn, nítorí náà ìgbà náà ni gbogbo ilé máa ń wọ aṣọ tí ó dára lọ ya àwòrán tí a ó fi ránṣẹ́ sílé. Ní ọdún tí a pé ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n ya èmi àti Kẹ́hìndé papọ̀. Kí àwòrán náà tó jáde, òtútù mú Kẹ́hìndé, àyà rẹ̀ dí, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Kò padà wálé.

Àwọn àgbà wa kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ sí ọjà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn, mo sì gbà á bí wọ́n ti sọ ọ́. Nígbàkigbà tí ìyá mi bá mú mi lọ sí ọjà Woolwich, mo máa ń tẹ̀ ba láti wo abẹ́ tábìlì àwọn òyìnbó tí ń ta kábéèjì àti ẹja, bóyá mo lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rí ẹsẹ̀ ọmọdé lóòótọ́, bàtà pupa, ìbọ̀sẹ̀ funfun. Bí mo bá yí sí òdì kejì, kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ayàwòrán gbé àwòrán wa wá sílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Òun ni ó ṣílẹ̀kùn, òun ni ó gba àpò ìwé náà. Ìyá mi sáré jáde láti ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ọwọ́ Àǹtí ti ṣófo. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àǹtí ní, "Ìyàwó, kò sí àwòrán kankan. Dìde." Nínú àwọn ti ọdún ìṣáájú, ó máa ń fi ojú pamọ́ sí aṣọ ìyá mi; àwòrán yẹn nìkan ni ó wà tí ojú Kẹ́hìndé hàn nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, obìnrin méjèèjì kò sọ̀rọ̀ tó dára sí ara wọn mọ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ àṣà kan. Ní ayé àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ ère fún ìbejì tí ó bá ti lọ. Nígbà tí ẹ̀sìn dé, àwọn Mùsùlùmí ní Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn kò fẹ́ ère mọ́, wọ́n sì fi àwòrán rọ́pò rẹ̀. Bí ìbejì méjèèjì bá jẹ́ ọkùnrin, wọn a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀kan, wọn a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á wá dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó. Bí ọ̀kan bá jẹ́ obìnrin, èyí tí ó kù gbọ́dọ̀ wọ aṣọ àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè yà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìyá mi kò rí àwòrán Kẹ́hìndé gbà, ó pinnu pé èmi ni yóò fi ṣe òmíràn, lọ́dọọdún.

Ìdí nìyẹn tí irun orí mi fi di iṣẹ́. Òtútù ìlú yìí kò fẹ́ràn irun wa. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti odò Thames wá máa ń gbẹ ẹ́, fìlà onírun àgùntàn tí a fi ń bo etí á sì máa fà á já. Òrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé máa ń le gbagidi nínú agolo, ìyá mi a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù kẹrosíìnì títí yóò fi rọ̀. Ní Sátidé, ó máa ń fi ọṣẹ dúdú fọ orí mi, á fi aṣọ gbẹ ẹ́ dáadáa kí òtútù má baà wọlé sí mi létí, á pín irun náà sí mẹ́rin, á sì fi òrí lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ra awọ orí. Àwọn ọjọ́ tí kò sí nǹkan, ó máa ń fi òwú dúdú kó o kí ó lè gùn. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ya àwòrán, ó máa dì í ní ṣùkú.

Kò sí ọwọ́ tí ó tu ni lára bí ọwọ́ ìyá mi. Ṣùgbọ́n bí ìlà irun bá ti ń pọ̀ sí i lórí mi ni ohùn rẹ̀ máa ń yí padà. Ìlà kìíní, ìkejì, èmi ni Táyé. Bí ó bá kan ìlà kẹfà, á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Kẹ́hìndé. Kò pè é bí ẹni tí ó ń ṣeré. Á ní, "Kẹ́hìndé, ṣé ó dùn ọ́?" Mo sì ń dáhùn, nítorí pé bí n kò bá dáhùn, yóò sunkún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń wá ìyarun onígi kan tí ó ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Kẹ́hìndé, níbo lo fi ìyarun mi sí kó o tó lọ?" Ẹnu mi là, mo sì gbọ́ tí mo wí pé, "Ó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, nísàlẹ̀, níbi tí ògiri ti ya." Bàbá mi ti kọ́bọ́ọ̀dù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyarun náà wà níbẹ̀, irun ọmọdé díẹ̀ ṣì wé mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ pé mo rí i nígbà tí ó ń sọ ọ́ síbẹ̀, tí mo sì ti gbàgbé. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi láti ìgbà náà wá.

Ẹ rò ó wò bí irú orí bẹ́ẹ̀ yóò ti rí ní ilé-ìwé. Wọ́n ń fà mí nírun, wọ́n ń bi mí bóyá ilé ìyàgbẹ́ ọkùnrin ni mò ń lò àbí ti obìnrin. Nítorí náà, ìyá mi máa ń dá mi dúró sílé láti oṣù kọkànlá títí ọdún tuntun yóò fi wọlé, kí ẹnikẹ́ni má baà ba irun náà jẹ́. Nínú àwọn oṣù wọ̀nyẹn ni ó fi ìwé Yorùbá kọ́ mi, òun ni mo fi ń kọ èyí. Ìwé tòyìnbó kò wọ orí mi. Wọ́n fi mí sí kíláàsì àwọn tí kò mọ nǹkan, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi jáde lọ máa gbé ẹrù. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi gbé ẹrù, tí mo fi wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù. N kò kórìíra iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yàn án.

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọkùnrin kan rí ìlà irun lábẹ́ fìlà mi lójú pópó, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lẹ́nu, eyín iwájú mi kan sì ṣẹ́. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni a lọ ya àwòrán. Ọmọ Ìbàdàn ni ayàwòrán náà, pálọ̀ ilé rẹ̀ ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó kọ́kọ́ yà mí pẹ̀lú fìlà àti bùbá. Lẹ́yìn náà ìyá mi ṣí fìlà, ó wọ gáùn fún mi, ó sì tún ṣùkú náà ṣe. Ayàwòrán ní, "Rẹ́rìn-ín díẹ̀." Inú bí mi, mo la ẹnu gbàgà nínú méjèèjì kí àlàfo eyín náà lè hàn.

Nígbà tí àwòrán dé, àlàfo wà lẹ́nu ọmọkùnrin. Eyín ọmọbìnrin pé.

Bàbá mi gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Ó rò pé ti ọdún tí ó kọjá ni ayàwòrán lò, ṣùgbọ́n ṣùkú ọdún yẹn gan-an ni ó wà lórí ọmọ náà, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó gbé e padà lọ bá ayàwòrán. Ọkùnrin náà búra pé òun kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan, ó sì bẹ̀ wá pé kí a jọ̀ọ́, kí a má wá sí ilé òun mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi fi abẹ fá orí mi. Ìyá mi jókòó tì wá, ó ń ṣa irun náà ní ilẹ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyá mi kú. Kò rí àwòrán òtítọ́ náà títí ó fi lọ. Lórí ibojì rẹ̀ ni mo ti sọ pé n ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e.

Oṣù kejìlá tí ó kọjá, gbogbo ìdílé pé jọ sí ilé Àǹtí ní Thamesmead fún àwòrán ọdún. Àǹtí ti súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn, tí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó gbé wá sí ìlú yìí, ni ó ń bójú tó o. Ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń di irun funfun náà.

"Mummy, ẹ tẹ orí síwájú. Hítà yìí ti gbẹ irun yín jù."

"Rọra o. Orí èèyàn ni o dì mú yẹn, kì í ṣe orí adìẹ."

Àbúrò mi ọkùnrin ní, "Auntie, ṣé ọkọ lẹ tún fẹ́ fẹ́ ni, tí ẹ ń ṣe ṣùkú?"

"Èwo nínú àwọn bàbá Thamesmead tí eékún ń dùn ló máa gbé mi?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àǹtí, mo ní ọ̀rọ̀ kan kí a tó ya àwòrán."

"Lẹ́yìn àwòrán, Táyé."

"Rárá, mà. Kí a tó yà á ni. Àwòrán Kẹ́hìndé tí ẹ gbà lẹ́nu ọ̀nà wa dà? Màmá mi kú láì rí i. Bí ẹ kò bá sọ ohun tí ẹ fi ṣe lójú gbogbo wọn, n kò ní jókòó sí àárín yín mọ́."

Olùtọ́jú náà dá ọwọ́ dúró lórí irun. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ohun tí ó ń dún wọrọwọrọ nínú ìrọ̀rí yín nìyẹn? Èyí tí ẹ kì í jẹ́ kí n fọ̀?"

Àǹtí pa ojú dé. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, èmi nìkan ni ó ń bá wí. Ó ní, "Nítorí rẹ ni mo ṣe é. Ọjọ́ tí àwòrán yẹn dé, ara rẹ ń gbóná. O ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn, o ń ní kó dúró dè ọ́. Mo ní bí o bá rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wàá tẹ̀lé e."

"Nígbà tí ara mi yá ńkọ́, mà?"

"Ìyá rẹ ti ń di irun rẹ nígbà náà. Mo rí ohun tí mo dá sílẹ̀. Ojú tì mí láti mú un jáde. Lẹ́yìn náà, ó ti pẹ́ jù."

"Ẹ sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́."

Ó gbé orí sókè, ìdajì irun ní dídì, ìdajì ní títú. "Mo ṣẹ ìyá rẹ. Mo sì ṣẹ ìwọ náà. Mo jẹ̀bi."

Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì tú ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí náà. Láti ọdún wọ̀nyẹn ni ó ti ń sùn lé e lórí. Àwòrán náà ti pọ́n bí omi tíì, ṣùgbọ́n ojú ṣì hàn. Èmi ń wo ayàwòrán. Kẹ́hìndé kò wò ó. Ó kọjú sí mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú bí ẹni tí ó fẹ́ fà mí lọ síbì kan, ẹnu rẹ̀ sì là sí ọ̀rọ̀ kan tí n kò rántí. Ṣùgbọ́n kò jọ mí rárá. Àǹtí ni ó jọ. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ya ojú mi, ẹlòmíràn tí kò sí láyé ni ìyá mi ń bá sọ̀rọ̀.

A ya àwòrán ìdílé. Kí n tó dìde, ọmọbìnrin àbúrò mi, tí ó ń pè mí ní Daddy, gbé fóònù rẹ̀ wá. "Daddy, ẹ wò ó. Mo ti fi í kún wa." Ó ti ya àwòrán inú ìrọ̀rí náà, fóònù sì ti sọ Kẹ́hìndé di obìnrin tí ó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún. Ó dúró lẹ́yìn àga mi, ó di ṣùkú aláwọ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ wà ní èjìká mi. Mo bá ara mi tí mo ń fi ọwọ́ pa èjìká náà.

"Pa á rẹ́."

"Ṣùgbọ́n ó rẹwà, Daddy. Ṣé ẹ ò fẹ́ kó wà pẹ̀lú wa ni?"

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Pa á rẹ́."

Ó wo Àǹtí, Àǹtí mi orí sí i, ó sì pa á rẹ́.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé tiwa, kí a tó lè rí òkú ọmọ kan mú jókòó nínú àwòrán, ó gba odindi ìgbà òtútù kan, agolo òrí, àti orí ọmọ mìíràn. Lónìí, ìka kan ni ó ń ṣe é, kó tó di pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wọ bàtà rẹ̀ tán. N kò bá yín jà sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ìka yín tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí ó ṣẹ́kù lọ, kí ẹ bi í. Ẹnikẹ́ni kò bi mí nígbà náà. Mo ti gbé Kẹ́hìndé kọ́ sí pálọ̀ mi báyìí, bí ó ti rí gan-an, pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ ìyá wa sí abẹ́ rẹ̀.