Kàkàkí Tó Já Bọ́ Láti Àjà

Ọdún kejì tí mo relé ọkọ ní Ìkàrẹ́ ni ọkọ mi ní òun yóò tú koríko orí ilé bàbá rẹ̀ kúrò, òun yóò fi páànù bò ó. Ilé mẹ́ta péré ló ní páànù ní àdúgbò wa nígbà náà, ọkọ mi ò sì fẹ́ kí ìkẹrin jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọmọ Ọ̀kà ni èmi. Alágbẹ̀dẹ idẹ ni bàbá mi. Òun ló ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn obìnrin, òun náà ló ń dí àwo idẹ tó bá lu. Ìdí iná rẹ̀ ni mo dàgbà sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú òrùlé, bàbá ọkọ mi ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Arigidi. Bí àwọn ọkùnrin ṣe fa igi àjà kan báyìí, nǹkan gígùn kan já bọ́ sáàárín àgbàlá, ó dún gbàgà. Adìyẹ tú ká, ewúrẹ́ já okùn. Awọ ni wọ́n fi wé nǹkan ọ̀hún, ṣùgbọ́n eku ti jẹ awọ náà tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gùn ju ọkùnrin lọ, ó tín-ín-rín, apá kan rẹ̀ wá fẹ̀ bí ẹnu agogo. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọ̀ ewé sì ti hù sí i lára káàkiri.

Àbúrò ọkọ mi ní, "Ọ̀pá ìbọn ni."

Ẹnì kejì ní, "Ìbọn kọ́. Ọ̀pá tí òyìnbó fi ń wọn ilẹ̀ ni."

"Òyìnbó wo ló wá fi ọ̀pá pamọ́ sí àjà bàbá mi?" ni ọkọ mi wí.

Ìyá ọkọ mi wò ó fìrí, ó yí padà, ó wọ yàrá lọ. Èmi ní tèmi bẹ̀rẹ̀, mo fi èékánná ha á lára. Ibi tí mo ha tàn.

"Idẹ ni," mo wí.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti lanu pẹ́nrẹ́n nígbà náà, ohùn Ọ̀kà mi a máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní irin jíjẹra lásán ni, kí n gbé e sẹ́yìnkùlé kí adìyẹ máa sùn lé e.

"Bí ó bá jẹ́ idẹ ńkọ́?"

"Bí ó bá jẹ́ idẹ, èmi ni màá pọn omi ilé yìí fún ọjọ́ mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó agbára sí mi lára. Mo já ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé, mo kó eérú nídìí ààrò, mo mú kànrìnkàn, mo jókòó sábẹ́ igi. Mo fún ọsàn sínú eérú títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, mo fi pa ibi kékeré kan, mo jẹ́ kó jókòó díẹ̀, mo wá ń fọ̀ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. N kò mú yanrìn. Bàbá mi máa ń sọ pé yanrìn a máa jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó rọ idẹ. Òótọ́ rẹ̀ ni, nítorí pé bí ìdọ̀tí ṣe ń ṣí, iṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú: ilà wẹ́wẹ́ tó yí i po, àti ewé tí wọ́n fín sí ìsàlẹ̀ ilà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀n apá kan ti pọ́n bí ìyeyè.

Ọkọ mi dé, ó wò ó. Ó gbé ìkòkò omi. Ariwo tí àwọn obìnrin pa lójú odò lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ láti ilé. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ìròyìn ọkùnrin tó ń pọnmi fún ìyàwó ti dé Ikaram.

Ọjọ́ kejì ni bàbá ọkọ mi ti Arigidi dé. Mo ṣì wà nídìí iṣẹ́ mi, n kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i tó dúró gbagidi lórí mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ta ló gbé e wálẹ̀?"

"Bàbá, òun fúnra rẹ̀ ló já bọ́."

"Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Bàbá. Ẹ má bínú."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ilà ara idẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí mo fọ̀ dé.

"Eérú wo lo lò?"

"Eérú igi ìdáná ni."

"Eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dára jù. Àwọn ará Bídà kì í lo òmíràn."

Ó sì jókòó tì mí lórí ẹní. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kò tíì kọjá ìkíni láti ọdún méjì! Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé kàkàkí ni ohun tí mo ń fọ̀. Nígbà tí irùngbọ̀n òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà kó òun ní oko bàbá òun lọ́nà Etioro, wọ́n sì mú òun lọ sí Bídà. Ọkùnrin tó ń fun kàkàkí níwájú ẹṣin olórí wọn ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ó ń ru fèrè náà, ó ń nù ún, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fun ún. Bàbá afunfèrè yẹn kọ́ ọ ní ìrun kíkí pẹ̀lú. Nígbà tí òyìnbó wá ṣẹ́gun Bídà, tí olúkúlùkù ń wá ọ̀nà ilé rẹ̀, bàbá náà gbé kàkàkí lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ohun tí mo ní nìyí. Máa gbé e lọ ilé yín."

"Mo rìn títí," bàbá ọkọ mi wí. "Mo dé ìsàlẹ̀ òkè lówùúrọ̀, mo rí èéfín ilé wa. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo ní kí n kí ìlú mi. Mo bá fun ún."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Ìlú tú ni."

Àṣé ọdún tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi dààmú Àkókó, ohùn kàkàkí ni àwọn ènìyàn ń gbọ́ ṣáájú pátákò ẹṣin. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ láàárọ̀ yẹn, àgbà fi ọ̀pá sílẹ̀, ọlọ́mọ gbé ọmọ, gbogbo wọn forí lé ihò àpáta. Nígbà tó dé ilé bàbá rẹ̀, ewúrẹ́ kan àti iṣu tó ń hó lórí iná ló bá.

"Ebi ń pa mí," ó wí. "Mo jẹ iṣu náà."

Lẹ́yìn náà ló jáde, ó ń ké pe ìyá rẹ̀ kiri ìdí òkè títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ohùn rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbá a létí, ó sì dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá ọkọ mi ti wé kàkàkí náà lawọ, tó gbé e sájà.

Ohùn kan ti inú yàrá jáde. "Ẹ sọ tèmi náà fún un!"

Ìyá ọkọ mi nìyẹn. Ó jáde sí wa, ó ká aṣọ sókè, ó na orúnkún tó ní àpá sí mi. Ọmọge ni òun láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó ru ìkòkò epo lọ sí ọjà Ọ̀kà. Ó gbọ́ fèrè, ó sọ epo nù, ó fẹsẹ̀ tẹ epo náà, ó yí gbirigbiri dé inú kòtò.

"Ṣé n kò wá bẹ̀ ọ́?" ni bàbá ọkọ mi wí. "Mo gbé ìkòkò tuntun wá."

"Ẹ gbé ìkòkò wá lẹ́ẹ̀kan. Kí ni ẹ wá ń wá lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, àti lójoojúmọ́ tó tẹ̀ lé e?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi da omi ọsàn sí aṣọ mi.

Kàkàkí mọ́ tán, ṣùgbọ́n kò pé. Ọ̀pá méjì tí wọ́n fi ṣe é ti já níbi tí wọ́n ti so pọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti wó nígbà tó bọ́. Mo ní kí a gbé e lọ bá bàbá mi. Ní ìdájí ni èmi, ọkọ mi àti bàbá rẹ̀ gbéra, oòrùn kò tíì mú tí a fi gun òkè Ọ̀kà. Àwọn àna méjèèjì kí ara wọn títí mo fi rò pé a kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá náà, atẹ́gùn kò kọjá. Ó da omi gbígbóná sí i. Amọ̀ tí kòkòrò fi kọ́lé sínú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni alángbá kan tó ti gbẹ bí ẹja yíyan já bọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ẹ kú ìjókòó o. Àlejò ti pẹ́ níbẹ̀."

Èmi ni mo fi ẹwìrì fẹ́ná bí mo ṣe máa ń ṣe kí n tó lọ́kọ. Bàbá mi fi idẹ náà yáná díẹ̀ kí ó lè rọ̀, ó ki igi dídán bọ inú rẹ̀, ó sì ń fi òòlù onígi kàn án jẹ́jẹ́ bó ṣe ń yí i. Bàbá ọkọ mi wò ó títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà lu díẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnu kàkàkí dún kẹ́ú, ó là.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ bàbá ọkọ mi, ojú rẹ̀ kún fún omijé bí ti ọmọdé.

"Àna mi," bàbá mi wí, "ọwọ́ ẹni tó ń kánjú ni. Èmi náà ti fa ọ̀pọ̀ ya. Ẹ jẹ́ ká dá a padà síná."

Ó gé idẹ pẹlẹbẹ kan, ó yọ́ òjé, ó fi lẹ ojú ibi tó là, ó sì fi òjé náà jó ọ̀pá méjèèjì pọ̀. Àpá náà hàn ketekete. Kò gbìyànjú láti bò ó. A wá dúró kí ó tutù.

Bàbá ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu. Eyín iwájú rẹ̀ méjì kò sí mọ́, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ jáde, fùùù. Ọkọ mi gbà á, ohun tó jáde dà bí ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn mú. Bàbá mi fun ún títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

"Ẹ gbé e fún ìyàwó," bàbá ọkọ mi wí.

Mo ní, "Èmi? Ṣé obìnrin máa ń fun ún?"

"Ní Bídà, rárá. Ibí kì í ṣe Bídà. Fún ètè pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ tu èèpo ẹ̀pà, kí o wá fi ikùn fẹ́ ẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́, òfo. Ìgbà kejì, ó ta mí létè. Ìgbà kẹta, ohùn jáde! Ó gba orí ilé kọjá, ó lọ kan òkè, òkè sì dá a padà fún wa. Ará ilé kejì sáré jáde pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, ó ń bèèrè ohun tó dé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ọkọ mi ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fun ún lóko, títí àwọn ọ̀bọ fi kó kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ rán akéde yí ìlú ká ní ọjọ́ ọjà méjì léraléra: "Bí ẹ bá gbọ́ kàkàkí lọ́jọ́ ọdún, ẹ má sá o! Ọdún ni, kì í ṣe ogun!" Nígbà tí a ti yídì ń bọ̀, ọkọ mi fun ún. Àwọn arúgbó kan dúró sójú kan, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Kò sẹ́ni tó sá. Nígbà tó fun ún lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ohun kan ṣì ń jẹ bàbá ọkọ mi lọ́kàn lẹ́yìn ọdún náà: kò mọ̀ bóyá ẹni tó fún un ní fèrè yè bọ́. Ó rán àwọn Tápà tó ń ta ẹní lọ́jà Ìkàrẹ́ kí wọ́n bá òun bèèrè. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, wọ́n mú èsì wá. Bàbá afunfèrè ti kú, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin wà láyé, ó sì rántí ọmọ Àkókó tó máa ń gbé òun pọ̀n dé ìdí kànga. Ó fi fìlà funfun kan ránṣẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ etí rẹ̀. Bàbá ọkọ mi dé fìlà náà lọ kírun Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó tóbi díẹ̀ fún orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dín in kù.