Àbúrò Ọkọ Mi àti Pápá Dambe

Èmi ni mo ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń ja dambe ní pápá ọkọ mi, lẹ́yìn odi ìlú, ní ẹnubodè Kofar Kware ní Sókótó. Ẹni tí kò bá mọ dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Hausa ni. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń lu ara wọn. Wọn á fi aṣọ àti okùn di ọwọ́ náà títí yóò fi le bí igi, wọn á sì na ọwọ́ kejì síwájú láti fi gba ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá lù tó ṣubú, wọn á ní wọ́n ti pa á. Ẹni tí wọ́n pa náà á dìde, á gbọn yanrìn ara rẹ̀ dànù, á máa rẹ́rìn-ín.

Ará Ìlọrin ni ọkọ mi. Aṣọ ló ń tà ní ọjà kí n tó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n dambe ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olórí àdúgbò, ó fi zana, ẹní koríko gíga tí àwọn Hausa fi ń ṣe ọgbà, yí i ká, ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà ọyẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ bá ti kórè tán, àwọn oníjà á dé láti Argungu, láti Gusau, láti àwọn ìlú tí n kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, èrò á kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Obìnrin kì í wọ inú pápá. Ẹ̀yìn zana ni ìdáná mi wà, ojú ihò ẹní ni mo sì ti ń wòran tèmi.

Ọkọ mi kì í fi iṣẹ́ náà ṣeré. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló fi ń kó yanrìn rírọ̀ wá láti etí odò, kí ẹni tó bá ṣubú má baà ṣèṣe. Ó gba atoeegun kan, tí wọ́n ń pè ní madori, kí ó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníjà ní gbogbo ọjọ́ ìran, bí iṣẹ́ wà, bí kò sí. Ẹran kì í sì í wọ́n nínú ìkòkò mi. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe ìran fún ayé, kò yẹ kí ebi pa á."

Sinimá ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ta aṣọ funfun sí òdìkejì ìlú, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Èrò wa dín díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ní ọdún yẹn náà ni làkúrègbé mú ọkọ mi ní orúnkún, tí kò lè dé pápá mọ́. Ló bá ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Gusau, ẹni tó ń bá àwọn òyìnbó wọn ẹ̀pà, pé kó wá máa bójú tó nǹkan.

Wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ sọ pé "ìwọ" fún un. "Ẹ" ni mo ń fọ̀ sí i. Àárín eyín ni mo ti ń sọ ọ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ìdáná mi, kò kí mi kó tó ṣí ìdérí ìkòkò.

Ó ní, "Ìyàwó, ẹran yìí pọ̀ jù."

"Ọkọ mi, oníjà ló fẹ́ jẹ ẹ́."

"Ẹ̀wà kì í fún ènìyàn lágbára ni? Àwọn tó ń sanwó láti wòran, ṣé wọ́n ń rí inú ìkòkò?"

Mo ní, "Wọn kì í rí ìkòkò, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí ẹ̀ṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni ẹran ti ń kéré títí tó fi di omi ọbẹ̀ lásán. Mo gbé ẹjọ́ náà tọ ọkọ mi lọ lórí ẹní tó wà. Ó ní, "Ó mọ owó jù mí lọ. Jẹ́ kó ṣe é bó ṣe fẹ́."

Ó sì ṣe é bó ṣe fẹ́. Ó ní yanrìn tó wà nílẹ̀ tó. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbá a lọ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ pápá le gbandi bí ojú títì. Ó lé àwọn tó ń kọrin yin àwọn oníjà, pé ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Àwọn oníjà ńlá tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ó ní ìnáwó wọn ti pọ̀ jù, ó wá lọ kó àwọn alárù láti ọjà, àwọn tó lè jà nítorí oúnjẹ alẹ́. Àwọn yẹn á ti bára wọn sọ ẹni tí yóò ṣubú kí wọ́n tó wọlé. Ṣé ẹ rò pé ará Sókótó kò mọ̀? Àwọn tí bàbá ńlá wọn ti ń ja dambe! Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn zana tí ọkùnrin kan pariwo pé, "Kai! Wasa ne!" Eré ni! Ó dìde, ó jáde, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Bí èrò bá dín, á gé nǹkan kan kúrò. Bó bá ti gé e, èrò á tún dín. Ó ń rí ti àkọ́kọ́, kò rí ìkejì. Tí mo bá sì la ẹnu, á ní sinimá ni.

Oníjà ńlá kan ṣì ń wá. Ará Argungu ni, alápatà, ọwọ́ òsì ló fi ń jà. Ó fẹ́ràn ọkọ mi, torí pé ọkọ mi ti tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀ ní ilé wa. Àbúrò ọkọ mi ní kó gba ìdajì ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀, ó gbà. Ọjọ́ tó dé, ó jókòó sí ìdáná mi, ó bu tuwó, ó wo inú ọbẹ̀, ó wò mí.

Ó ní, "Uwa, ina nama?" Ìyá, ẹran dà?

Ó jẹ tuwó náà bẹ́ẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ di ọwọ́ rẹ̀.

Alápatà kan láti Gusau ló bá a jà lọ́jọ́ náà. Èyí kì í ṣe eré. Èrò pọ̀ díẹ̀, torí wọ́n gbọ́ pé ọlọ́wọ́ òsì dé. Wọ́n ń yí ara wọn ká, lójijì ni ará Gusau gbá a ní àgbọ̀n, ó sì ṣubú lé ọwọ́ tó fi ń jà. Mo gbọ́ ìró eegun rẹ̀ níbi tí mo wà. Kò dìde. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ń yí lórí ilẹ̀ líle yẹn.

Mo dúró kí madori sáré wọlé. Kò sẹ́ni tó wọlé. Àbúrò ọkọ mi ló na ọwọ́, ó ní, "Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Kí àwọn tó kàn máa bọ̀."

N kò mọ ìgbà tí mo gba àárín zana kọjá. Gbogbo ojú yí sí mi, torí kò sí obìnrin tó wọ ibẹ̀ rí.

Ó kígbe mọ́ mi pé, "Ta ló pè ọ́ wá síbí?"

"Níbo ni madori wà?"

"Mo ní ta ló pè ọ́?"

"Madori dà, ọkọ mi?"

Ó ní, "Mo ti dá a dúró. Èèyàn kì í sanwó fún ẹni tó kàn ń jókòó lásán."

Yorùbá ni a fi ń sọ ọ́, àwọn èrò kò gbọ́. Mo wá yí sí wọn, mo sọ ohun tó sọ fún wọn ní Hausa, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan fa zana àkọ́kọ́ tu. Kó tó di pé mo mí, wọ́n ti ń fà wọ́n tu káàkiri, àbúrò ọkọ mi sì ti di àwátì. Orí ọ̀kan nínú zana tí wọ́n fà tu ni àwọn ọkùnrin gbé ọlọ́wọ́ òsì lé, wọ́n gbé e lọ sí ilé madori ní Gidan Igwai. Mo tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń to eegun náà, kò kígbe. Ọ̀dọ̀ mi ló ń wò, bí ẹni pé èmi ni mo máa sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Mo rò pé ọkọ mi yóò bi mí léèrè bí ọwọ́ náà ṣe rí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "O tú àṣírí ilé síta. Ṣé o mọ̀ pé àbúrò mi ni?"

Mo ní, "Mo mọ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ pé ọwọ́ tí ọlọ́wọ́ fi ń jẹun ni?"

Àwọn àgbà Ìlọrin tó wà ní Sókótó pé jọ sí ilé wa ní Runjin Sambo, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi kékeré. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi bẹ̀ ẹ́, ẹnu mi kò bẹ̀ ẹ́. Òun jókòó sórí àga, ó ń fi ìka gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

Ọwọ́ ọlọ́wọ́ òsì jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Kò jà mọ́, kò sì lè fi ọbẹ ya màlúù mọ́. Wọ́n ní ó ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ da ẹran ní Argungu. Àbúrò ọkọ mi ra zana kúkúrú tuntun, ó ṣí pápá, àwọn èrò kò wá. Ọkọ mi ti igi rìn lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó padà wálé. Kò pẹ́ tó fi dá ilẹ̀ padà fún olórí àdúgbò. Ó bínú sí mi títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa, n kò sì tọrọ àforíjì.

Nígbà tí gbogbo wa ti padà sí Ìlọrin tí a sì ti dàgbà, wọ́n ń ṣe sàráà ní ilé wa, àbúrò ọkọ mi jókòó láàárín àwọn ẹbí, ó ń ròyìn Sókótó. Ó ní sinimá ló pa dambe níbẹ̀.

Mo sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé, "Sinimá kọ́, ọkọ mi. Ẹ̀yin ni."

Ó ní, "Ìyàwó, o ò tíì gbàgbé."

Mo ní n kò gbàgbé. Wọ́n gbé oúnjẹ dé, mo gba tèmi, mo lọ jẹ ẹ́ ní yàrá kejì.