Ọgbà tí Bàbá Mi Gẹ Bí Irun

Ogójì ọdún ni bàbá mi ti fi ń gẹ irun, ìdúró ló sì fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́rin tí à ń gbé: àga kan ṣoṣo tó ń yí, dígí kan tí igun rẹ̀ ti sán, àti búrọ́ọ̀ṣì funfun tó fi ń gbọn irun kúrò lọ́rùn oníbàárà. Kì í kánjú. Bí ẹnì kan bá ní kó ṣe kíá, á ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Baba Díẹ̀díẹ̀.

Ọgbà kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ìdílé méjìlá ló ni ín, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan ló ní, ọwọ́ ìyá mi ló sì ń wà, torí òun ló fẹ́ràn ohun ọ̀gbìn jù. Nígbà tí ìyá mi kú, bàbá mi ti ilẹ̀kùn ọgbà, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì wọ́n. Ọdún mẹ́fà kọjá. Koríko ga ju èèyàn lọ, ìtàkùn gun ògiri dé fèrèsé àjà kejì, eku sọ ibẹ̀ di ilé baba wọn. Ẹni tó bá yọjú wo ibẹ̀ kò lè mọ̀ pé igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà láàárín igbó yẹn, tí ìyá mi gbìn lọ́dún tó bí mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, alábòójútó ilé lẹ ìwé mọ́ ògiri ẹ̀bá àtẹ̀gùn. Bí oṣù bá parí tí ọgbà bá ṣì jẹ́ igbó, wọn á da kọnkéré sí i, á di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló kù.

Bàbá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Alágbàfọ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà, dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti apẹ̀rẹ̀ aṣọ.

"Ta ló sọ ọgbà wa di igbó ná, Baba Díẹ̀díẹ̀?"

Bàbá mi ki ọwọ́ bọ àpò.

"Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan o. Àmọ́ mo ń gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń dún lápò ẹnì kan."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó gbé àdá àti àlùmọ́gàjí ńlá, ó ṣílẹ̀kùn ọgbà. Àwọn ará ilé ní kó dáná sun ún kí wàhálà tán. "Ṣé ẹ ti rí i kí n dáná sun orí oníbàárà rí?" ló bi wọ́n. Bó ṣe ń gẹ irun ló ṣe ń gẹ igbó: ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó yípo lọ sẹ́yìn ọrùn, kó tó dé àárín. Bó bá gé díẹ̀, á fà sẹ́yìn, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dijú kan wò ó.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló parí. Ọ̀nà bíríkì tí mo ti gbàgbé jáde, bẹ́ńṣì òkúta jáde, igi ọsàn náà jáde, ìdajì rẹ̀ ti gbẹ nítorí ìtàkùn tó fún un lọ́rùn. Gbogbo ilẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ó ń dán. Bàbá mi fi búrọ́ọ̀ṣì ọrùn gbọn bẹ́ńṣì náà, ó jókòó. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí oníbàárà tí kò gbọ́ ìròyìn ọgbà kó tó dìde lórí àga.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi rọ̀. Nígbà tó dá, koríko ti yọ níbi gbogbo, ó ga tó ìka ọwọ́. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, kò lè wọlé. Ìyá Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

"Baba, irun lẹ gẹ! Ẹ ò hú gbòǹgbò kankan."

"Ogójì ọdún ni mo fi—"

"Ogójì ọdún yẹn gan-an ló kó bá yín. Orí tí ẹ bá gẹ gbọ́dọ̀ hù padà kí ẹ tó rí jẹ."

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá bàbá mi lórí àga oníbàárà rẹ̀, ibi tí n kò rí i kó jókòó sí rí, ó kọ ẹ̀yìn sí dígí. "Èmi ni mo ti í pa," ó ní. "Wọn á da kọnkéré lé igi ìyá rẹ, èmi ni mo fà á."

Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ lọ kanlẹ̀kùn Ìyá Alágbàfọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń hú u."

Obìnrin náà wo ṣòkòtò tó wọ̀. Kò fi í ṣẹ̀sín. "Ẹ lọ wọ ṣòkòtò tó ti gbó," ó ní. "Ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é."

Bàbá mi tó ti ń dúró fún ogójì ọdún kúnlẹ̀. Ó wé táwẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù mọ́ eékún méjèèjì. Ìyá Alágbàfọ̀ fi hàn án bí a ṣe ń ti ọkọ́ bọ abẹ́ ilẹ̀ tó tutù, tí a ó wá fi ìka tọ gbòǹgbò lọ títí dé ìdí, bí ẹni ń tú okùn ṣòkòtò tó takókó. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ará ilé méje ti bá wọn kúnlẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wá bàbá mi dé ọgbà. Ó fi òfin lélẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gẹ irun á kọ́kọ́ hú ìlà koríko kan. Ọkùnrin apárí kan wá hú ìlà méjì, ó ní ti òun jẹ́ ẹ̀bùn.

Ọjọ́ tí oṣù parí, alábòójútó dé pẹ̀lú ọkùnrin tó ń po kọnkéré, téèpù ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́. Ó bá ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ti kọ ní ebè, aṣọ funfun Ìyá Alágbàfọ̀ tó ń gbẹ lórí okùn, àti igi ọsàn tí bàbá mi ti gé apá gbígbẹ rẹ̀ kúrò, tí ewé tuntun ti ń rú lára rẹ̀. Alábòójútó rìn yíká. Ó pa téèpù rẹ̀ dé.

"Ó dára, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà lẹ fi tì í pa. Kí ló máa dá mi lójú pé ẹ ò tún ní tì í?"

Gbogbo ojú yí sí bàbá mi. Ó mú ìdì kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó fi èékánná tí erùpẹ̀ kún abẹ́ rẹ̀ fa òrùka rẹ̀ yà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọgbà. Ó rìn lọ síbi àtẹ̀gùn, ó fa ìwé alábòójútó ya kúrò lára ògiri, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sórí ìṣó tó wà lókè rẹ̀.

"Ibí ni á máa wà," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ kó mú un."

Alábòójútó yíjú sí alákọnkéré, ó ní kó máa lọ sílé.

"Baba Díẹ̀díẹ̀," Ìyá Alágbàfọ̀ pariwo, "ẹ mà yára lónìí o!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Erùpẹ̀ ṣì wà lójú eékún ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì. Oníbàárà kan na búrọ́ọ̀ṣì sí i pé kó gbọ̀n ọ́n. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì náà, ó fi gbọn ọrùn oníbàárà náà, ó fi erùpẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.