Àpèkẹ́ Wo?

Hàrúnà fi etí bùbá rẹ̀ nu ẹnu sasofóònù, ó yí i wò, ó tún nù ún. Ẹnu fèrè náà mọ́ tẹ́lẹ̀. Bí a bá bi í ní ohun tí kò fẹ́ dáhùn ni ó máa ń nù ún.

Ìbéèrè náà kò tó nǹkan. Rachelle ló bi í, ọmọ Atakpamé tó ń ṣe àwo orin ní àdúgbò Aflao-Gakli. Ó ti ṣa orin jáàsì tí Hàrúnà fọn láti ìgbà èwe títí di ìgbà ewú, ó kó wọn sínú àwo kan ṣoṣo, ó sọ ọ́ ní “Láti Ìgbà Irun Dúdú”. Ó wá gbé e wá sí ilé baba náà ní Gbossimé kí ó gbọ́ ọ, kí wọ́n tó tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àwo jáde.

“Tonton, mo ti kọ ẹni tí orin kọ̀ọ̀kan wà fún. Ó ku ‘Àpèkẹ́’. Mo kọ ọ́ pé, ‘Fún Àpèkẹ́, ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́.’ Ça va, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?”

Fàdílátù, ìyàwó Hàrúnà, ń bu omi fún àlejò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ọ̀rẹ́bìnrin ta ni? Èmi ni Àpèkẹ́. Oríkì mi ni. Ìyá ìyá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀.”

Bàṣírátù rẹ́rìn-ín lórí àga. Ilé bàbá rẹ̀ ni Hàrúnà gbé nígbà àpọ́n. Òun náà wá gbọ́ àwo.

“Ìyàwó wa, ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n ń kẹ́ láyé ni? Èmi náà ń jẹ́ Àpèkẹ́. Ẹ̀yìn fèrèsé mi ló ti fọn orin yẹn kó tó mọ ọ̀nà ilé yín.”

“Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń da omi lé e lórí pé kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?”

“Bàbá mi ń wò mí. Ṣé kí n bọ́ síta kí n máa jó ni?”

Rachelle ń wo ẹnu ti ọ̀hún, ó ń wo ẹnu ti ìhín. Kò sẹ́ni tó fún un ní oríkì rí. Ó ti rò pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni Àpèkẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ń jẹ́ Colette.

Hàrúnà ń nu fèrè. Bí ó bá ní ti ìyàwó òun ni, ó ti pàdánù ọ̀rẹ́ tí bàbá rẹ̀ fún un ní òrùlé nígbà tí kò ní nǹkan kan. Bí ó bá ní ti ọmọ onílé ni, orí ẹní wo ni yóò sùn sí?

“Rachelle, tẹ orin náà ká gbọ́.”

Sasofóònù dún. Ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè: À-pè-kẹ́. Ó sinmi. Ó tún pè.

“Oò!” ni obìnrin méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó rántí pé àwọn ń jà. Wọ́n wo ara wọn. Bàṣírátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Kọ ọ́ báyìí,” ni Hàrúnà wí. “‘Fún Àpèkẹ́. Ó mọ ara rẹ̀.’”

Rachelle kọ ọ́. Fàdílátù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wolẹ̀. Bàṣírátù tún gèlè rẹ̀ wé.

“Bàbá Rábíù,” Fàdílátù gbójú sókè, “Àpèkẹ́ wo?”

Hàrúnà ti ń ki sasofóònù bọ inú àpótí. Ó ní wọ́n ń retí òun ní Kégué. Ó bọ́ sí títì, ó ń súfèé bó ti ń lọ: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè.

Láti ẹ̀yìn ògiri ilé kan, ohùn obìnrin kan dáhùn:

“Oò!”

Hàrúnà kò bojú wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá díẹ̀ sí i.