Bàbá Làtíífàt àti Ẹja Onírùngbọ̀n

Lọ́jọ́ tí Bàbá Làtíífàt gbé aṣọ Iléyá wọ̀, tó lọ jókòó sínú ibú Ìdí-Àràbà, gbogbo Èrúwà ló gbọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú omi fà. Àwọn obìnrin ti di ojú odò, wọ́n fẹ́ gbọ́n ibú náà gbẹ, kí wọ́n sì kó ẹja inú rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Bàbá Làtíífàt, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n bá níbẹ̀, omi mù ún dé ìdodo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ká ríbi gbọ́nmi," ni Màmá Ọmọ́ṣọlá, aṣíwájú wọn, wí.

"Ẹ máa gbọ́n ọn. Tẹ́ ẹ bá kàn mí, kẹ́ ẹ gbọ́n èmi náà sọnù."

Ẹja tó ń tìtorí rẹ̀ jókòó kò gùn tó ìka ọwọ́, àmì dúdú kan wà nídìí ìrù rẹ̀. Ọmọ ẹja ni gbogbo ayé kà á sí. Bàbá ní àgbàlagbà ni, ibi tó máa tóbi dé náà nìyẹn.

"Ẹ wo irùngbọ̀n lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ta lẹ rí tó hu irùngbọ̀n?"

Àwọn obìnrin náà kó agbọ̀n wọn, wọ́n ń kùn lọ sílé.

Ọkùnrin náà le! Ẹ ò ní tíì mu omi tán nílé rẹ̀ tí yóò fi la ẹnu ẹja hàn yín: kò léyín lẹ́nu, inú ọ̀fun leyín rẹ̀ wà. Tí ẹ bá ní ọmọ àrọ̀ ni, ẹ ti wọ gàù. Àrọ̀ ò nípẹ́, èyí nípẹ́. Mọ̀lẹ́bí àwọn ẹja ńlá inú odò Ògùn ni, kì í ṣe ọmọ wọn. Ilẹ̀ á ṣú, ọbẹ̀ yín nílé á ti jóná.

Ìyàwó rẹ̀ ló jìyà jù. Bàbá gun ọ̀kadà tòun ti ìgò, ó wá gbogbo odò láti Lanlate dé Igbó-Ọrà, kò rí irú ẹja náà. Ibú Ìdí-Àràbà nìkan ló wà. Ló bá kó mẹ́fà wálé, ó dà wọ́n sínú bútà. Láàárọ̀, Màmá Làtíífàt da omi sọ́wọ́ láti ṣàlùwàlá, ẹja já bọ́.

"Bàbá Làtíífàt! Ṣé ẹja ni kí n fi yọ ẹnu ni?"

"Rọra o! Ẹyin ń bẹ níkùn ẹ̀."

Lẹ́yìn lẹ́tà mọ́kànlá tí Bàbá kọ, onímọ̀ ẹja kan wá láti Ìbàdàn. Ó wò ó, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ pé ohun tí a mọ̀ kò tíì tó láti sọ bóyá ó ń tán lọ. Bàbá gbaná jẹ.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kà wọ́n! Wọ́n tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nígbà yẹn, wọn ò pé ọgọ́rin mọ́!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ ò ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, sà?"

"Ṣé tíṣà máa ń pe orúkọ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì ni?"

Òjò èṣí ni Bàbá kú. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àwọn obìnrin gbé agbọ̀n, kò sẹ́ni tó jókòó dè wọ́n. Wọ́n gbọ́n ibú náà títí omi fi dé orúnkún, àwọn àmì dúdú kéékèèké ń sá kíjokíjo. Màmá Ọmọ́ṣọlá nàró. Ó pòṣé.

"Ó tó. Ẹ tú ojú odò."

"Kí la fẹ́ fi sebẹ̀?"

"Ẹ lọ ra panlá!"

Ilé opó ló gbà lọ. "A ò gbọ́n ọn tán," ló wí. "Wọ́n wà níbẹ̀."

Màmá Làtíífàt bú sẹ́rìn-ín. "Ká ló wà láyé ni, ìwọ ni ì bá máa sọ ìtàn wọn fún dòru." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Bàbá yẹn dà wá láàmú, àárò rẹ̀ sì ń sọ wá gan-an.