Ibi Tí Àǹtí Da Oògùn Mi Sí

Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní ìlú Oǹdó ló sì ti ṣẹ̀ mí. Títí dòní, bí mo bá ti gbóòórùn èèpo kòkó tó ń jó, ibẹ̀ ni mo tún wà. Ọṣẹ dúdú ló máa ń sè nígbà náà. Á sun èèpo kòkó di eérú, á rẹ eérú náà sínú ìkòkò ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ya, omi inú rẹ̀ á dúdú bí tíì, á sì máa ta ni nímú.

Ìwọ náà mọ̀, ọ̀rẹ́ mi, pé orí mi yí lẹ́yìn tí mo bímọ. Mi ò fi pamọ́ mọ́. Mo gbọ́ tí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò dárúkọ mi, tó ní kí n dìde. Wọ́n tọ́jú mi ní Àkúrẹ́, ọkàn mi balẹ̀, ọkọ mi sì mú èmi àti ọmọ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí pé kí n sinmi. Oògùn mi wà nínú ìgò kékeré kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó lórí àpótí, mò ń gé ilá, mo rí Àǹtí tó ṣí ìgò náà, tó da gbogbo hóró oògùn inú rẹ̀ sínú ìkòkò eérú. Wọ́n ń dún pó, pó, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ kí Ọlọ́run ráàyè ṣiṣẹ́."

Oṣù yẹn ò tíì parí tí orí mi tún fi yí. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ mi bi mí léèrè oògùn, mo ní Àǹtí ló dà á nù. Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Lánàá rédíò ló pè é, lónìí ó ti kàn mí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èmi fúnra mi ni mo da oògùn mi nù, wọ́n sì fi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni ọmọ náà ń pè ní Màmá. Èmi ni Màmá Àkúrẹ́. Mo padà sí Àkúrẹ́ sídìí iṣẹ́ tíṣà, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàọ́lọ́jì.

Ẹ̀rín yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ohùn rédíò yẹn ṣe kedere létí mi gẹ́gẹ́ bí ìró oògùn nínú omi eérú ṣe ṣe kedere. Bí ọ̀kan bá jẹ́ irọ́, kí ló ní èkejì kì í ṣe irọ́?

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó bi dókítà mi ní Àkúrẹ́ ní ìbéèrè yìí, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ. Ó ní kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamíìnì. Bí ohun tó yẹ ní fífi sọ́kàn bá ṣẹlẹ̀, òun ló ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, bí tíṣà ṣe ń fi bírò pupa fa ìlà sínú ìwé, kí ìrántí lè dì í mú. Bó bá wá pọ̀ lápọ̀jù, yóò máa fa ìlà sábẹ́ ohun gbogbo, títí kan ikọ́ aládùúgbò àti ohùn orí rédíò. Ọkàn yóò sì máa wá ìtumọ̀ fún ìlà náà tipátipá. Lára ibi tí àìsàn mi ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oògùn ló ń gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé pé ohun tó ṣe kedere sí mi jù lọ lè má ṣẹlẹ̀ rárá?"

"Màmá, bírò kan náà ló fa ìlà sábẹ́ méjèèjì. Ẹ wá ẹ̀rí mìíràn."

Mo ronú sí i nínú mọ́tò títí mo fi délé. Nígbà tí mò ń bá wọn jà, ariwo pé Àǹtí da oògùn mi nù ni mo ń pa. Wọn ò jẹ́ kí n débi tó dà á sí rí kí wọ́n tó pa mí lẹ́nu mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí wà, nítorí tíṣà tó mọṣẹ́ kì í fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Bí Àǹtí bá fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ibẹ̀, á jẹ́ pé ojú mi ló rí i lóòótọ́.

Láti ìgbà náà, lóṣooṣù, bí mo bá ti gba oògùn mi tán, mo ń wọ mọ́tò Oǹdó lọ béèrè ohun kan ṣoṣo: "Àǹtí, ibo lẹ da oògùn mi sí?"

"Ìyàwó, ṣé rédíò ló tún rán ọ?"

Oṣù kejì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Oṣù kẹta, ó ní, "O ò ní kú kí n sinmi?" Mo ní mi ò ní kú kí n tó gbọ́ ìdáhùn. Ọmọ mi, tó ti ń hu ewú, bẹ̀ mí pé, "Màmá Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ ó tán." Mo dá a lóhùn pé ẹjọ́ kọ́ ni mò ń rò, ọpọlọ mi ni mo fẹ́ gbà padà.

Mo sì ti gbà á padà. Mi ò dárí ji Àǹtí, má sì bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un. Àmọ́ nísinsìnyí, bí mo bá rántí nǹkan, mi ò kì í fọwọ́ bo ẹnu mọ́. Ọyẹ́ tó kọjá ni. Àwa méjì péré la jókòó lẹ́yìn ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, kì í se ọṣẹ mọ́. Mo béèrè. Ó wo ibi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀, kò wo ojú mi. Ó ní:

"Inú ìkòkò eérú ni, ìyàwó. O jókòó lórí àpótí, ò ń gé ilá."